Ife Kọfí Tó Kún Dẹ́nu ní Ilé Khalfan

Bí ẹ bá fẹ́ rí agídí tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, ẹ wá wo Matar wa ní abúlé Liwa. Láti kékeré ló ti ń tọ́jú ọ̀pẹ dàbínù láàárín iyanrìn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi dígí kọ́ ìlú Abu Dhabi, kò débẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ló padà gbé e débẹ̀: Hamad ọmọ rẹ̀ ní bí kì í bá ṣe Mouza, ọmọ Khalfan, òun ò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ láyé òun.

Khalfan yìí kì í ṣe àjèjì. Nígbà tí ebi ń pa gbogbo wa, òun àti Matar ni wọ́n jọ ń wá péálì, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye inú ìkarahun, lójú òkun. Khalfan á wọ ìsàlẹ̀ omi lọ, Matar á di okùn rẹ̀ mú nínú ọkọ̀. Bí okùn bá ti mì pẹ́nrẹ́n, kó yáa fà á kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú ni yóò fà jáde. Lẹ́yìn náà ni epo rọ̀bì dé, Khalfan di olówó ní Abu Dhabi, Matar sì padà sídìí ọ̀pẹ rẹ̀.

Nínú mọ́tò, Hamad ń bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ẹnikẹ́ni lónìí. Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀."

"Ìwọ nìkan ni mo bí. Ṣé o ò rí i?"

Àfi bí wọ́n ṣe wọ ìlú. Ilé gogoro yọ lápá ọ̀tún, ó yọ lápá òsì. Omi ń tú sórí koríko tí ewúrẹ́ kankan ò jẹ. Matar yọjú lójú fèrèsé, orí rẹ̀ wú. "Hamad! Omi oníyọ̀ la ń mu níbí nígbà kan o! Àwa yìí náà la kọ́ gbogbo èyí?"

Inú dídùn yẹn ló gbé wọ gbọ̀ngàn àlejò Khalfan, níbi tí àwọn èèyàn ńlá jókòó sí rẹrẹẹrẹ. Onílé ò tíì jáde. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti òkèèrè ló gbé kọfí wá, ó sì rọ ọ́ kún ife dẹ́nu.

Ẹ gbà mí! Lọ́dọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ife la ń da kọfí sí fún àlejò, kí á lè tún un dà fún un. Ẹni tó bá rọ ọ́ kún fún ọ ti ní kí o mu ún, kí o máa lọ.

Ojú Matar yí padà. Ó gbé ife náà kalẹ̀ lórí ẹní láìfẹnu kàn án.

"Bàbá, kò mọ̀ ni," Hamad sọ ọ́ wẹ́lẹ́.

"Ẹni tó gbà á síṣẹ́ mọ̀. Dìde."

Hamad fa ara rẹ̀ dìde. Mouza ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Khalfan wọlé bá wọn. Ó rí ife nílẹ̀, ó sì rò pé ẹ̀bẹ̀ ni, torí àlejò tó bá ní ẹ̀bẹ̀ kì í mu kọfí àfi tí onílé bá gbà fún un. "Matar! Sọ ohun tí o fẹ́, mo ti ṣe é. Ṣáà mu ún!"

Kí Matar ṣáà ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó dé. Ẹlòmíràn ì bá gbà á. Matar kọ̀. "N kò bẹ̀bẹ̀. Ilé mi ni mò ń lọ. Wo ife yẹn dáadáa."

Khalfan wò ó. Ojú tì í, ojú tì í gidi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ife náà, ó mu ún tán pátá. "Bí ẹnì kan bá máa jáde nílé yìí lónìí, èmi ni."

Ó gba ìkòkò kọfí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ó dúró níwájú Matar lójú gbogbo èèyàn ńlá wọ̀nyẹn, ó da díẹ̀ sísàlẹ̀ ife. "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́."

Matar gbà á. Ló bá rọra gbé e kalẹ̀ sórí ẹní.

"Wàyí o, mo ní ẹ̀bẹ̀."

Khalfan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Arúgbó yìí! Mouza ti ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti àárọ̀. Mo ti fi í fún yín. Mu kọfí rẹ!"

Nígbà tí wọ́n padà sí Liwa, a pé lé Matar lórí. Ṣé lóòótọ́ ni ilé wọn ń kan ìkuukùu?

"Ó ga," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó ga jù ú lọ: Khalfan lórí ìdúró, tó ń da kọfí fún mi."