Ẹ̀ńjìnnì Tí Ìjọba Bá Wa Rà

Ẹja tútù ni mo ń rà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, tí mo ń gbé lọ tà ní Ìkòròdú. Ọkọ̀ ìgbòkun bàbá mi là ń wọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, ẹja á ti máa rùn kí a tó gúnlẹ̀ sí Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú.

Nígbà tí òmìnira kù díẹ̀, akọ̀wé ìjọba kan wá bá àwọn apẹja. Ó ní ìjọba yóò san ìdajì owó ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, bí àwa ará Ẹ̀pẹ́ àti àwọn Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà bá lè pawọ́ pọ̀ san ìyókù. Ó ní ní ìlú òyìnbó, iná mànàmáná ni wọ́n ń fi ohun kan tí wọ́n ń pè ní átọ́ọ̀mù ṣe báyìí, pé kò sí oníṣòwò tó láyà láti dá a ṣe, àfi ìgbà tí ìjọba fi owó tirẹ̀ sí i.

Bàbá mi ò bèèrè átọ́ọ̀mù. Wọ́n ní, “Bí ẹ̀ńjìnnì ọ̀hún ò bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́?”

Akọ̀wé náà ní, “Ìjọba náà á pàdánù tiwọn, Bàbá.”

Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn. Ohun tó ṣòro ni pé bàbá mi àti olórí àwọn Ìlàjẹ ti bára wọn jà lórí àwọ̀n tó ya, wọn kì í sì í kíra mọ́. Mo bá bàbá mi wa ọkọ̀ lọ sílé olórí náà. Oṣù ààwẹ̀ àwa Mùsùlùmí ni. Ìyàwó olórí náà gbé oúnjẹ wá. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé bàbá mi ń gbààwẹ̀, òun náà ò fọwọ́ kàn án. Onígbàgbọ́ ni o. Àwọn méjèèjì jókòó títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sì jọ jẹun.

Bàbá mi ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàgbé àwọ̀n yẹn. Ẹ̀yin lẹ mọ omi jù wá lọ. Ọmọ yín ni kó máa wa ọkọ̀ náà.”

Olórí náà fọwọ́, ó ní, “A ó dá owó sí i.”

Ẹ̀ńjìnnì náà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ lágbedeméjì ọ̀sà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ délé, àwọn ènìyàn sì fi wá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ọmọ olórí àwọn Ìlàjẹ mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Bí a bá kúrò ní ìdájí, oòrùn kì í tíì mú tí ẹja mi á fi dé Ìkòròdú, ojú rẹ̀ á sì ṣì mọ́ kedere. Kò pẹ́ tí ìjọba dáwọ́ ìrànwọ́ dúró. Àwọn tó ń wòran wa tẹ́lẹ̀ wá ra ẹ̀ńjìnnì tiwọn, wọ́n sì san gbogbo owó rẹ̀ fúnra wọn.