Gíláàsì tí Ọ̀gá Nù Mọ́

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Gotthilf Häberle ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe awọ oníke tí wọ́n fi ń bo dáṣíbọọdù mọ́tò nítòsí ìlú Reutlingen ní Jámánì, ọ̀rọ̀ áńkáṣífù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ.

Iṣẹ́ Häberle ni láti gbé awọ tuntun sínú ife, kó gbé ife náà kaná, kó sì fi gíláàsì tútù dé e. Bí oru ara awọ bá ṣú sí gíláàsì yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣú sí gíláàsì iwájú ọkọ̀, awakọ̀ ò sì ní rí ọmọ tó ń sọdá títì.

Lọ́jọ́ náà, gíláàsì ṣú bàìbàì. Häberle gbé e kalẹ̀, ó ní kí Waltraud tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá wò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Kurrle, wọlé sí. Ọmọ agbègbè Swabia ni Kurrle, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní ọ̀sẹ̀ tó kàn án láti gbá àtẹ̀gùn, tí aládùúgbò á sì máa yọjú wò ó bóyá ó gbá a dé kọ̀rọ̀. Ó rí gíláàsì tó dọ̀tí, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó yọ áńkáṣífù, ó nù ún tónítóní.

"Ẹ̀yin ọ̀gá yìí!" Häberle figbe ta. "Ẹ̀rí lẹ nù dànù yẹn!"

"Ìdọ̀tí ni mo nù."

"Ìdọ̀tí yín ni! Ara awọ yín ló ti jáde!"

Kurrle gbé gíláàsì sókè. "Ó ti mọ́ báyìí, àbí? Ẹ fọwọ́ sí ìwé pé awọ yìí dáa. Ọ̀la lọjà ń lọ. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí ìwé náà, ẹ máa lọ sílé yín."

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Inú bí Waltraud. Ti Häberle ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mú awọ yẹn kan náà, ó tẹ́ ẹ sórí dáṣíbọọdù mọ́tò Kurrle tó wà nínú oòrùn. Nígbà tí Kurrle ń lọ sílé, gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣú, kò rí iwájú. Bó ṣe ń nù ún ló ń ṣú sí i, títí ó fi wa mọ́tò wọ àárín òdòdó ilé iṣẹ́.

"Ẹ tún nù ún!" Häberle pariwo láti ojú fèrèsé.

Kurrle ti fojú ara rẹ̀ rí i. Ọjà ò lọ mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì lé Häberle.

Kò sí ibi tí kì í ti bínú. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ra mọ́tò, àwọn èèyàn ní òórùn tuntun rẹ̀ dùn.

"Dùn kẹ̀? Ike ló ń làágùn!" Häberle wọ mọ́tò náà, ó yọrí síta lójú fèrèsé rẹ̀ títí dé ilé, nínú yìnyín, etí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, nídìí kọfí, Kurrle tó ti darúgbó jókòó ti Waltraud.

"Mo bínú sí i fún ọdún pípẹ́," ó ní. "Àmọ́ awọ wa ló wà nínú mọ́tò tí ọmọ mi fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé. Mo mọ̀ pé ó ń rí títì."

Waltraud bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó ń wakọ̀ relé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kọjú sí i gan-an, gíláàsì mọ́ kedere. Síbẹ̀ ó ní láti dúró lẹ́bàá títì, kó sunkún rẹ̀ tán, kó tó lè ríran.