Ogún Ìṣẹ́jú sí Igloolik

Tí ẹ bá bi Qaapik bí Sanirajak, ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá ayé, ṣe jìnnà sí Igloolik tó, á ní bí àádọ́rin kìlómítà ni, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ òfurufú. Á sọ ọ́ bí ẹni ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ kékeré Sanirajak, tó ń fi rédíò sọ fún awakọ̀ òfurufú bóyá kó balẹ̀ tàbí kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní oṣù kọkànlá, Leetia pè é láti Igloolik. Arnannuk, ìyá Leetia, ni ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún Qaapik láyé.

"Àǹtí, Màámi ò jẹun mọ́. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ẹ tètè máa bọ̀."

"Ọ̀la ni ọkọ̀ máa wá. Sọ fún wọn kí wọ́n má tíì lọ síbì kankan o. Ìgbà wo ni wọ́n máa jáwọ́ nínú kí wọ́n máa sáré jù mí lọ?"

Leetia rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tó pọ̀n sẹ́yìn ń ké. Ó ti pé ọjọ́ méjìlá, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo ẹbí ló mọ orúkọ tí wọ́n ń dúró dè, kò kàn sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìjì yìnyín bo ìlú. Igloolik wà láàárín omi, yìnyín orí òkun ò sì tíì nípọn tó ohun tí èèyàn lè gbà kọjá. Àfi ọkọ̀ òfurufú. Qaapik ti di ẹrù rẹ̀, ó ti kó ẹran gbígbẹ tí Arnannuk fẹ́ràn sínú rẹ̀, nígbà tí awakọ̀ pè lórí rédíò.

"Sanirajak, báwo lojú ọjọ́ ṣe rí níbẹ̀?"

Qaapik wo ìta. Kò rí òpó etí pápá. Kò rí ọkọ̀ ara rẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pàápàá. Ó mọ̀ pé bí òun bá purọ́ díẹ̀, ọkùnrin náà á gbìyànjú láti balẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ọkọ̀ náà.

"Mi ò rí nǹkan kan," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Ó gbọ́ ìró ọkọ̀ náà lókè orí rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ó kọ àkókò náà sínú ìwé.

Arnannuk kú ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ìjì náà fi jà. Qaapik ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn, ó ń dá wọn lóhùn dáadáa. Kò sunkún. Inú rẹ̀ kàn kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́.

Nígbà tó fi máa dé Igloolik, wọ́n ti sìnkú. Leetia pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́.

"Arnannuk rèé, ẹ̀gbọ́n yín. Wọ́n ní ẹ pẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gba orúkọ òkú ti di ẹni náà. Leetia fúnra rẹ̀ ti ń pe ọmọ tó bí ní Màámi. Bẹ́ẹ̀ ni Qaapik, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, di àbúrò ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan. Ọmọ náà la ojú kan.

"Wọ́n ń fojú burúkú wò mí," Qaapik ní.

"Ìgbà wo ni wọn kì í wò yín bẹ́ẹ̀?"

Qaapik jókòó láìbọ́ kóòtù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ohùn rẹ̀ ò yí padà, "ọkọ̀ yẹn wá o. Ó dé orí wa. Èmi ni mo ní kó máa lọ."

Leetia, tí kò gbọ́ èyí rí, fọwọ́ bo ẹnu.