Síìtì Ẹ́ńjìnnì Tòkúnbọ̀

Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún wa pé tòkúnbọ̀ sàn ju tuntun lọ, àmọ́ ká ní mo rí i ni, ǹ bá gbá a létí.

Ọkọ̀ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mẹkáníìkì mi ní Mowo wò ó, ó ní síìtì ẹ́ńjìnnì àti ti jíà ló ti gbó, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì àti jíà ń jókòó lé. Ǹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú kan fún ìyá mi ni, wọ́n sì fi báńdéèjì dì í. Dókítà ti kìlọ̀ pé orí màmá ò gbọ́dọ̀ máa mì. Ọjọ́ Ẹtì la máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀jọ́ kí wọ́n tú ojú náà wò.

"Àǹtí, tuntun ni kẹ́ ẹ rà o," mẹkáníìkì ní.

"Tuntun wo? Ayédèrú inú ọjà yẹn? Ta ni ò mọ̀ pé tòkúnbọ̀ ló lágbára?"

"Torí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Rọ́bà lèyí. Rọ́bà máa ń gbó."

Mo pòṣé. Mo lọ sí ẹ̀bá bọ́dà níbi tí wọ́n ti ń ta tòkúnbọ̀ fúnra mi, mo ṣa mẹ́rin tó ń dán, mo kó o wá fún un tìgbéraga-tìgbéraga. Ó wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó dè é mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń yan fanda kiri Ibereko.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a dé Morogbo, a kó sí kòtò kan. Gbìì! Ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá mi fọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Yéè, mo gbé! Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́!"

Mo páàkì, mo pe mẹkáníìkì. Nígbà tó dé tó yọ síìtì kan, ìyá mi nawọ́ gbà á. Ẹja ló tà láti kékeré títí ó fi darúgbó, àtàńpàkò ló fi ń mọ èyí tó ti bàjẹ́. Ó tẹ rọ́bà náà. Ó rún sí i lọ́wọ́.

"Èyí ti kú tipẹ́," ó ní. "Ojú kan ni mo ní lónìí. Ìwọ tó ní méjì, kí lo fi wò ó?"

Mẹkáníìkì ò sọ pé òun ti wí i tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù! Ó kàn yọ tuntun jáde nínú àpò, ó ti rà á bọ̀ lọ́nà, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Ìgbà tá a fi máa dé Ọ̀jọ́, dókítà ti lọ. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ariwo, ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Mo ti ń fi ojú kan ríran láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta míì ò lè pa mí. Wá jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ojú kan tó fi ń wò mí ọ̀hún ni ìtìjú ò jẹ́ kí n lè wò.