Àyè Àǹtí Rísì Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá fẹ́ ni kó gbà mí gbọ́. Ojú mi yìí ló rí i, kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ́ fún mi.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, kí ọdún 1990 tó wọlé. Kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà yẹn, èèyàn á bọ́ bàtà kó tó wọ yàrá rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ló ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo wa. Àwọn kéékèèké tí à ń tẹ̀ kàn so mọ́ ọn ni. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n pín àyè inú ẹ̀ fún oníkálùkù, kí n sì rí i pé ibi tí wọ́n fún kálukú nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ lè wọ̀. Tẹ́lẹ̀, ibi tó bá wu àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń kó nǹkan sí, títí ìbéèrè ìdánwò fi bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Àǹtí Rísì ló ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, Jímọ̀ ni wọ́n máa ń lọ sílé. Jímọ̀ kan, mọ́tò wọn gbókìtì lọ́nà. Wọ́n kú. A lọ kí àwọn ará ilé wọn, a padà. Ọ̀gá ní kí n ti àyè wọn pa. Mo tì í.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ iṣẹ́ tán, tó fi pamọ́, kò ní bá a níbi tó fi sí. Inú àyè Àǹtí Rísì la óò ti bá a. Mo yẹ ohun tí mo ṣe wò títí, kò sí àṣìṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa: ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè wọ̀ mọ́ ni iṣẹ́ gbogbo èèyàn ń wọ̀ lọ.

Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá pè mí.

"Pa àyè yẹn rẹ́ pátápátá. Tí ìbéèrè bá tún sọnù, ìwọ ni màá fà lé àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́."

Ọ̀sán Sátidé ni mo lọ. Òjò ti ń bọ̀. Mẹ́gádì, bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo kó iṣẹ́ àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀, mo wá tẹ àṣẹ ìparẹ́.

Iná lọ. Gbogbo kọ̀ǹpútà kú, àfi èyí tí Àǹtí Rísì máa ń lò, lórí tábìlì igun.

Ó ń tàn ṣá, láìsí iná.

Mo sáré sídìí ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn ò mira. Irin wà lójú fèrèsé. Mo pariwo, òjò orí páànù bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Yàrá yẹn móoru bí ẹni pé wọ́n dì mí sínú àpò.

Mo wá gbọ́ tí wọ́n ń tẹ̀wé. Ká-ká-ká. Kò sí ẹnì kankan lórí àga.

"Àbúrò." Létí mi báyìí ni, jẹ́jẹ́. "Ibo ni kí n kó tèmi sí?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀gá ló rán mi."

"Mo mọ̀. Ibo ni kí n kó o sí?"

Kí n ṣáà ti jáde ni mò ń wá. Ẹ̀yin náà ì bá sọ ohun tí mo sọ.

"Ẹ kó o sọ́dọ̀ mi!"

Kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Mẹ́gádì ló dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń kànkùn látẹ̀ẹ̀kan. Obìnrin tẹ́ ẹ jọ wà nínú ilé ló ní kí n ní sùúrù, pé ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán."

Mo wọnú òjò lọ láìwọ bàtà.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, àyè Àǹtí Rísì pòórá. Àyè tèmi ni iṣẹ́ gbogbo èèyàn wá ń wọ̀. Ọ̀gá ní olè ni mí, wọ́n lé mi. Mo lọ gbaṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọn ò ti lo kọ̀ǹpútà rárá, mo ṣe bí ó ti tán.

Lọ́jọ́ kan nílé, mo fi aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, inú àpótí ni mo ti bá a. Àwo ìyàwó mi, ìwé àwọn ọmọ, Àǹtí Rísì ń kó gbogbo ẹ̀ síbi tó wù wọ́n. Ààfáà ti ṣàdúà, pásítọ̀ náà ti gbàdúrà. A kó kúrò nílé yẹn, wọ́n bá wa kó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ yín, tí àwọn tó ti kú wá ń bi yín pé ibo ni kí àwọn kó tàwọn sí, ẹ dákẹ́. Ẹ jókòó sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa làágùn. Òjò á dá, ẹnì kan á wá ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ má pè wọ́n sọ́dọ̀ yín.