Ọmọ Dráfù Tí Bàámi Kò Tọ́ka Sí

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàámi ni mo kó wọn kúrò ní Mushin wá sọ́dọ̀ mi ní Sábó. Yàrá méjì ni mo háyà, mo sì fún wọn ní èyí tí fèrèsé rẹ̀ tóbi. Iṣẹ́ wáyà iná ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe. Àìsàn náà mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ pẹ̀lú. Ohun tó kù lẹ́nu wọn kò ju ìró kan tí kò ní ìtumọ̀ lọ. Wọ́n á gbé ìró yẹn jáde, wọ́n á wá máa wò ọ́ lójú bíi pé wọ́n ti sọ gbólóhùn kan tó pé, pé ìdáhùn rẹ ni wọ́n ń retí.

Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń fi kọ̀ǹpútà dá àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ kan lóhùn, nítorí náà, mo máa ń jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tó ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀ ní ọsibítù ló sọ fún mi pé kí n wá nǹkan kan tí ọpọlọ wọn yóò máa ṣe, kó má baà sùn lọ. Dráfù ló wá sí mi lọ́kàn. Kí wọ́n tó ṣàìsàn, kò sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí wọn kì í ta dráfù níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn èèyàn máa ń wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá bá wọn ta, Bàámi á sì borí púpọ̀ nínú wọn. Èmi ni mo máa ń gbé omi lọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọmọbìnrin. Títí dòní, bí ọmọ ṣe ń rìn lórí pátákó nìkan ni mo mọ̀.

Mo gbé dráfù orí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí fóònù mi. Ọwọ́ òsì Bàámi ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọmọ kan, òmíràn ló máa ń sún. A wá ṣe é báyìí: wọ́n á nàka sí ọmọ tí wọ́n fẹ́, wọ́n á nàka sí ibi tó ń lọ, èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n borí ẹni tí wọ́n bá ta. Ẹ̀rín gba gbogbo apá òsì ojú wọn. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ti gòkè lórí eré náà débi pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta á ní apá ọ̀dọ̀ wa rí orúkọ wa, tí olórí wọn sì gba nọ́ńbà mi, tó fà mí wọ ẹgbẹ́ wọn lórí Wọ́sáàpù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ kú ilé o. Ẹni tuntun ni mí." N kò sọ pé Bàámi ló ń ta á. Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo máa ń sọ pé n kò fẹ́ kí wọ́n káàánú wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ni pẹ̀lú pé nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ pé àǹtí tuntun yìí mà gbóná, inú mi dùn.

Kò pẹ́ tí ìyìn fi yí padà. Ẹnì kan béèrè pé ẹni tuntun wo ló ń ta báyìí. Òmíràn ní òun ti ṣọ́ mi, pé bí ó rọrùn bí ó le, iye àkókò kan náà ni mo máa ń lò kí n tó gbé ọmọ, pé kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tí mo máa gbé e sí fún mi. Àkókò yẹn ni ìka Bàámi fi ń rìn láti ọmọ kan dé ibi tó ń lọ.

Olórí ẹgbẹ́ pè mí. Onísùúrù èèyàn ni.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé ẹ ń ṣe òjóró."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe òjóró. Bàámi ló ń ta á. Ara wọn ò yá, èmi ni mò ń bá wọn tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

"Ó dáa," ó ní. "Ní Sátidé, ẹ gbé kámẹ́rà síbi tá a ti máa rí ọwọ́ wọn, kí wọ́n bá ẹnì kan nínú wa ta. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán."

Mo lọ ra ìrọ̀rí líle kan ní ọjà Tejúoṣó kí Bàámi lè jókòó dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wẹ̀ fún wọn, mo fá irùngbọ̀n wọn, mo wọ búbá funfun fún wọn. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi sí iwájú wọn, ojú àwọn èèyàn bíi mẹ́wàá sì yọ. Inú Bàámi dùn. Wọ́n rò pé àlejò wá kí wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn náà, ìró yẹn sì jáde. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnì kan tó gbàgbé pé a ń gbọ́ ohùn òun rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá yìí náà ni?"

Àìsàn kò fọwọ́ kan etí Bàámi. Wọ́n gbọ́ ọ.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ọwọ́ wọn gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìka wọn dúró láàárín ọmọ méjì, aago eré ń lọ, mo tẹ ọ̀kan, kì í ṣe òun ni wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó borí wa kò tilẹ̀ ta á dáadáa. Ohùn kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ wò ó bó ṣe lọ fi bàbá aláìsàn bojú."

"A ò ní lé yín, Àǹtí," olórí ẹgbẹ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà. "A ó kàn máa ṣọ́ yín ni."

Láti ìgbà náà, àwọn tó mọ orúkọ wa kì í gbà láti bá wa ta. Bàámi á jókòó sórí ìrọ̀rí tuntun, wọ́n á máa wo àmì ìdúró tó ń yí po lójú fóònù, títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. Bí ẹnì kan bá gbà, tí ó sì rí i pé òun fẹ́ fìdí rẹmi, á kọ "òjóró", á sì jáde. Mo máa ń fi àtàǹpàkò bo ọ̀rọ̀ náà. Bàámi á ti àtàǹpàkò mi kúrò, wọ́n á sì kà á.

Díẹ̀díẹ̀, Bàámi kò gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn mọ́. Wọ́n á nàka, wọ́n á fà á padà. Àwọn tí wọ́n lè fojú dídì borí ń borí wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pa ẹnu dé, wọn kò mu ẹ̀kọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Tọ́sìdé kan, mo ṣe é. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ní mò ń ṣe, tí n kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo lọ kọ́ ọ. Mo ṣí dráfù míì sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ mi, èyí tó máa ń sọ ibi tó yẹ kéèyàn gbé ọmọ sí. Bàámi rò pé àwọn oníbàárà ni mò ń dá lóhùn. Nígbà tí wọ́n nàka síbi tí kò dára, mo tẹ ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú eré àkọ́kọ́. A borí. Ojú wọn yọ́ díẹ̀. Nínú ìkejì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ìkẹta, wọ́n nàka sí ọmọ kan tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pátákó. Mo tẹ ti àárín. Mo fi í fún ẹni tí a ń bá ta jẹ, mo sì fi òmíràn jẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Bàámi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ìka wọn, tó ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wo pátákó. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà tí mo gbàgbé láti yí ojú rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí.

Wọ́n mú fóònù, wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Òní nìkan ni. Gbogbo àwọn ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ ta á."

Wọ́n kọjú sí ògiri. Mo tún un sọ. Mo búra. Bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn ara mi, mo mọ̀ pé bí ẹni tó ń purọ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tí n kò lè fọ̀ kúrò lára mi nìyí: Bàámi kò mọ èyí tó jẹ́ tiwọn mọ́ nínú gbogbo ìgbà tí wọ́n borí, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti gbà pé kò sí èyí tó jẹ́ tiwọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí olórí ẹgbẹ́. Mo rò pé bí mo bá jẹ́wọ́ èyí tí mo ṣe, wọ́n á gbà gbọ́ pé n kò ṣe ìyókù. Ó dáhùn pé, "A kúkú ti mọ̀, Àǹtí. Ọlọ́run á dárí jì wá." Nígbà tí mo fi máa tún kọ̀wé, wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́.

Bàámi ṣì wà nínú yàrá náà. Wọ́n ń lanu bí mo bá gbé ṣíbí dé ibẹ̀, wọ́n ń gbé apá bí mo bá ń wẹ̀ fún wọn. Wọn kì í gbé ìró kankan jáde mọ́. Mo gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin tó ń na apá wọn yẹ̀ wọ́n wò fún ìgbà pípẹ́, ó ní wọ́n ti padà sẹ́yìn gan-an, ó sì bi mí pé ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé ni.

"Rárá, mà," mo ní. "Kò sí nǹkan kan."

Ó ní bí àìsàn náà ṣe máa ń ṣe nígbà míì nìyẹn, kí n má ṣe dá ara mi lẹ́bi. Bàámi wà láàárín wa lórí àga, wọ́n ń gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bàtà fún wọn.