Wọ́n Ní Mo Ti Dàgbà Jù Láti Gbin Kòkó

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi sùn yín!

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Àkúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ ọmọ mi wọ pálọ̀, ó ní Kérésì ti dé. Mo ní Kérésì wo? Àfi bí mo ṣe gbójú sókè tí mo rí bébà tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ Kérésì tó kọjá, ó ṣì wà lára ògiri! Mi ò tíì ráyè tú u. Ọdún kan gbáko ti lọ, mi ò mọ ibi tó gbà.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Oǹdó, ṣé bí ọdún ṣe ń sáré nìyí? Tí bàbá wa bá ti ní àwọn máa ra bàtà Kérésì fún wa táwọn bá ta kòkó, háà! Ojoojúmọ́ là ń béèrè. Ọdún ọ̀hún ò sì ní dé bọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bọ̀ọ̀dá Akin, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Oǹdó, pè mí. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó fẹ́ ra oko kòkó bàbá wa, ó fẹ́ gé e sí pulọ́ọ̀tì. Wọ́n ní àwọn igi náà ti gbó, wọn ò so mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oko tí bàbá wa fi rán wa níléèwé! Mo ní kí wọ́n má tà á, èmi máa gbin kòkó tuntun síbẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé kòkó lè lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún kó tó so? "Tíṣà, o ti lé lọ́gọ́ta. Ta ló máa ká a?"

Ó dùn mí wọra. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọdún ń sáré jù? Tó bá lè sáré kó irun funfun bá wa, kí ló dé tí kò ní sáré kó kòkó bá mi?"

Wọ́n ní ó dáa, àwọn fún mi ní ọdún márùn-ún. Tí kò bá so, àwọn á tà á.

Mo gbin kòkó, mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín rẹ̀ kí oòrùn má baà pa á. Ní gbogbo Sátidé, màá ti àdá bọ àpò, ó di Oǹdó! Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní kí n lọ sinmi. Ìsinmi kẹ̀? Ṣebí ìgbà tí mo jókòó sí pálọ̀ ni ọdún sá mọ́ mi lọ́wọ́! Lóko, ṣe ni mò ń retí ewé tuntun bí mo ṣe ń retí bàtà Kérésì. Ọjọ́ tún gùn padà.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ pa púpọ̀ nínú kòkó náà. Bọ̀ọ̀dá wá wò ó, wọ́n mi orí. Mo gbin òmíràn.

Lọ́dún yìí, kí márùn-ún ọ̀hún tó pé, ó so! Mo ká èyí tó pọ́n, ó di ilé Bọ̀ọ̀dá. Mo là á níṣojú ìyàwó wọn. Wọ́n ju ẹyọ kan sẹ́nu, wọ́n ń fa omi rẹ̀ mu, wọ́n di ojú bíi ti ìgbà tí a wà lọ́mọdé. Wọ́n ní, "Ó mà yá o! Bí ẹni pé àná lo gbìn ín." Mo ní lójú tiwọn ni, èmi tí mo ro oko mọ bí ọjọ́ ibẹ̀ ṣe gùn tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù mi dún. Bọ̀ọ̀dá ni. Wọ́n ní ṣé àyè ṣì kù lóko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, àwọn náà fẹ́ gbin díẹ̀. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin! Mo ní ta ló máa ká a?

Wọ́n ní, "Èmi náà ni!"

Ẹ gbin nǹkan o, ẹ ò gbin nǹkan o, ọdún á lọ. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n ní ẹ ti dàgbà jù fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Ẹ tètè kọ ọ́ o, mò ń lọ sóko lọ́la.